Sílíńdà Tó Kún Dé Ọrùn

Nígbà tí Táyéwò kú, kò sí ibi tí iná jó lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìdíátù, tó ń se ọṣẹ dúdú tà ní Ìkòtún, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó gbé orí ọmọ náà lé itan, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rí i pé irun ìpéǹpéjú rẹ̀ pé ṣánṣán, iná kò kàn án. Irin ló pa á. Àfọ́kù irin kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló wọ̀ ọ́ láyà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ dé itẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti kún ìgboro. Wọ́n ní sìgá ló ń mu nídìí gáàsì.

Ọlátúnbọ̀sún ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó ni ilé gáàsì tí Táyéwò ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí títí lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, àwọn ló sì fún bàbá Táyéwò láyè láti kọ́lé nígbà tí ọkùnrin náà ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kó tó ṣaláìsí. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ́lé sí Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, tí kò sí ìyàwó ilé tó tún fẹ́ fẹ́ iná ààrò mọ́, Ọlátúnbọ̀sún ta lára ilẹ̀, ó ra táǹkì ńlá, ó ń rọ gáàsì ìdáná sí sílíńdà fún tọmọdé tàgbà. Ohun tó fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra ni pé tòun kì í dín. Á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹlòmíràn á rọ ọ́ lábọ̀ fún yín. Tèmi kún dé ọrùn."

Ìbejì ni Táyéwò. Sìdíkátù ni Kẹ́hìndé rẹ̀. Ẹ sì mọ bí Yorùbá ṣe ń wí i: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyéwò jáde kó lọ tọ́ ayé wò. Nígbà tí àwọn méjèèjì yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá, agbára ìyá wọn kò ju ti ẹnì kan lọ. Táyéwò ló ní kí Sìdíkátù máa bá ìwé lọ, òun á wá iṣẹ́ kan ṣe ná. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni, ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Kò pẹ́ tó gba iṣẹ́ náà tí sílíńdà kan bú gbàmù níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gáàsì tó tú jáde lọ bá iná olóúnjẹ kan tó wà níwájú ọgbà, tí òrùlé ìsọ̀ fi jó.

Nígbà tí Ìdíátù lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ọlátúnbọ̀sún fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. "Ìyá ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú mi báyìí ni mo fi rí sìgá lọ́wọ́ ọmọ yìí. Mo ti kìlọ̀, kìlọ̀, kìlọ̀. Ẹ wo òrùlé mi. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ wá tún un ṣe. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ, mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Àánú tó ṣe yẹn ló dun Sìdíkátù ju ikú lọ. Láti ọjọ́ náà, bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á rọra pòṣé. Àwọn ìyá ń fi Táyéwò kọ́ ọmọ wọn: ẹ ò rí ọmọ Ìdíátù tí sìgá pa, tó sì fẹ́ jó ilé olóore rẹ̀. Ìdíátù wá dẹ́kun pípe orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ilé, nítorí pé bí ó bá ti pè é, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á mi orí.

"Màámi," Sìdíkátù béèrè lọ́jọ́ kan, "ṣé Táyé ń mu sìgá lẹ́yìn wa ni?"

"Táyé tí èéfín ààrò ọṣẹ mi ń mú húkọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí. Ó yí ojú padà sí ìkòkò ọṣẹ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Sìdíkátù ti fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí ó sọ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn máa kà tí yóò fi mọ gáàsì tinú-tòde. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ni, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Sìdíkátù ní kò burú. Nígbà tó wọ yunifásítì, ìjọba ń fi owó epo rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níwèé, òun náà sì jẹ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́.

Ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Dókítà Yésúfù, ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìwà àwọn ohun tó ń ṣàn: bí omi àti epo àti gáàsì ṣe ń ṣe bí ooru bá mú wọn, bí àyè bá fún mọ́ wọn, bí a bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ọ̀pá gíláàsì méjì wọ yàrá ìwádìí. Ó rọ ohun olómi kan sí ọ̀kan dé ìdajì, ó rọ ọ́ sí èkejì títí ó fi kù bí ẹyọ àgbàdo kan kó kún. Ó dí ẹnu méjèèjì pa, ó tì wọ́n bọ inú omi lẹ́yìn pátákó gíláàsì kan tó nípọn, ó wá ń mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ti inú ọ̀pá àkọ́kọ́ gòkè díẹ̀, ó dúró. Ti inú èkejì náà gòkè. Àyè bíńtín tó kù lókè rẹ̀ ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, títí tó fi pàdé bí ojú ẹni tí oorun gbé lọ. Omi tí ọ̀pá náà wà nínú rẹ̀ kò tíì gbóná tó èyí tí wọ́n ń fi wẹ ọmọ jòjòló nígbà tí ọ̀pá náà fọ́ yángá.

"Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò ṣáná," ni Dókítà Yésúfù wí. "Ohun olómi tí ooru bá mú, wíwú ló ń wú. Bí ó bá rí àyè, á gba àyè. Bí kò bá rí i, ohun tó há a mọ́ ni yóò bá jà. Kò sì sí irin tó lè bá a jà á dópin."

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, Sìdíkátù dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tó bá jẹ́ sílíńdà gáàsì ìdáná ńkọ́?"

"Bákan náà ni. Omi ni gáàsì inú sílíńdà, bí o bá mì í wàá gbọ́ ọ. Ìdí rèé tí òfin fi ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè. Ẹni tó bá rọ ọ́ dé ọrùn ní òwúrọ̀ kùtù, tó wá gbé e sínú oòrùn, bọ́ǹbù ló gbé kalẹ̀ yẹn."

"Kò ní nílò iná rárá?"

"Oòrùn ti tó. Kí ló dé?"

"Kò sí, sà. Ẹ ṣé."

Ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sunkún. Ìrora tó ti ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ọ̀nà ni. Láti ìgbà náà, ó há gbogbo ohun tí ìwé sọ nípa gáàsì yẹn sórí: bó ṣe ń wú tó, ibi tí ooru gbọ́dọ̀ dé kí àyè inú rẹ̀ tó tán, bí agbára tó ń fi ti irin ṣe ń ga bí àyè náà bá ti tán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà á nítorí ìdánwò. Òun ń kà á bí ẹni tó ń pọ́n àdá.

Ó ṣe tán ní yunifásítì, ó padà sí Ìkòtún ní àsìkò tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò tíì dé, tí oòrùn ń yan orí ènìyàn bí ẹ̀pà. Ọlátúnbọ̀sún ti di ẹni ńlá. Ó ti fi páànù bo ibi tó ń kó sílíńdà sí, ó sì ń rọ wọ́n dé ọrùn síbẹ̀. Orí ló ń yọ àwọn oníbàárà rẹ̀: ilé ìdáná tó tutù ni wọ́n ń gbé e sí, kò sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dá iná sí i.

Sìdíkátù kò lọ bá ọlọ́pàá. Ààfin Baálẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lọ, ní ọjọ́ ìpàdé àwọn àgbà, nígbà tó mọ̀ pé Ọlátúnbọ̀sún á wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó rojọ́ rẹ̀. Ó ní sìgá kò pa àbúrò òun, sílíńdà tí wọ́n rọ ní àrọjù tí wọ́n sì gbé sínú oòrùn ló pa á, ọrùn ẹni tó rọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà.

Ọlátúnbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwé ti da orí ọmọ yìí rú. Gáàsì láìsí iná? Gáàsì láìsí iná, òórùn lásán ni, jàre."

Sìdíkátù wò ó. Ó ti rò pé òun á rí ìbẹ̀rù lójú ọkùnrin yìí, pé ó ti mọ òtítọ́ láti ìgbà yìí wá, ó kàn ń bò ó ni. Kò rí ìbẹ̀rù kankan. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó ń ta ohun tí kò mọ̀, ó sì ti fi àìmọ̀ náà pa ènìyàn, ó wá fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn mú ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ló tún le sí i.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn rọ sílíńdà kan bí wọ́n ṣe máa ń rọ ọ́," ni ó sọ fún Baálẹ̀. "Àárọ̀ ni kí wọ́n rọ ọ́. Kí wọ́n gbé e sínú kòtò yẹ̀pẹ̀ pupa tí katapílà gbẹ́ lọ́nà Ìgàndò, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ìṣáná dání. Bí kò bá bú kí oòrùn tó yẹ àtàrí, èmi àti ìyá mi á kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn."

"Bó bá wá bú ńkọ́?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Kí wọ́n sọ ẹni tó pa Táyéwò."

Ọlátúnbọ̀sún na ẹsẹ̀. "Ẹ gbé àga mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí. Bí ó bá sú mi, màá gbé ẹsẹ̀ lé e."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Sìdíkátù lójú. "O gbọ́ ohun tó wí. Ṣé kò léwu?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Sìdíkátù sọ, pé kí ọkùnrin náà jókòó sílé rẹ̀. "Àwọn ló mọ gáàsì wọn, Bàbá," ni ó wí.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé wàá jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, Màámi. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n jókòó."

Ìdíátù kàn mú ẹsẹ̀ yá. Ó ń rìn lọ níwájú, kò sì wo ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, Ìkòtún tú sí ẹ̀bá kòtò náà. Sìdíkátù fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀, Baálẹ̀ sì tì í lẹ́yìn. Wọ́n gba sìgá àti ìṣáná lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Sílíńdà wà nísàlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, òun nìkan, Ọlátúnbọ̀sún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù, ó wọ agbádá, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ìyá Táyéwò.

Oòrùn ń gùn. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ń ta láàárín èrò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ọlátúnbọ̀sún á fi ìka kan irin náà, á ké sókè pé, "Ó ti ń gbóná o, bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀," ẹ̀rín á sì sọ.

Sìdíkátù kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń fi ojú inú wo ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí. Ó ń rí omi náà tó ń wú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn irin, ó ń rí àyè tó ń tán lókè rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Kò tíì ní irú ìbàlẹ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀. Ó ń wí fún un nínú ọkàn pé, Táyé, ẹni tó sọ ẹ́ di ọmọ burúkú ló jókòó yẹn. Wò ó dáadáa.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tó rí agboòrùn kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú kòtò.

Jàfárù ni. Ọmọ iṣẹ́ Ọlátúnbọ̀sún ni, ọ̀rẹ́ Táyéwò sì ni tẹ́lẹ̀. Òun ló pọn Táyéwò sẹ́yìn lọ́jọ́ náà tó ń sá kiri wá ẹni tó máa gbà á là. Ó ti kọjá ìlà, ó ń lọ fi agboòrùn bo ọ̀gá rẹ̀.

"Jàfárù, padà," ni Sìdíkátù pè.

"Oòrùn ń pa wọ́n, Sìdí. Màá kàn fún wọn ni," Jàfárù dáhùn, kò dúró.

Ó tún pè é. Kò gbọ́. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Kí Sìdíkátù tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sá lọ sínú kòtò náà, ìró ìdí rẹ̀ ń tú. Ó bá Jàfárù níbi tó ti ń ṣí agboòrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ. Kò wo Ọlátúnbọ̀sún. Ṣùgbọ́n Ọlátúnbọ̀sún gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó rí ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí ń dẹ́rù bani kọ́ ló rí. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni.

"Kí ló dé?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì kéré.

Sìdíkátù kò dá a lóhùn. Ó ń wọ́ Jàfárù gòkè. Ọkùnrin náà wo sílíńdà, ó wò wọ́n, ó fò dìde débi pé àga ṣubú, ó ká agbádá mọ́ apá, ó sáré. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí kòtò nígbà tí irin náà fà ya.

Ìró rẹ̀ bo ilẹ̀. Ohun funfun kan tú jáde bí kùrukùru òwúrọ̀, ó tutù, ó rọ́ kún inú kòtò, atẹ́gùn sì gbé e lọ. Kò sí iná. Kò sí èéfín. Nígbà tí ojú mọ́, wọ́n rí Ọlátúnbọ̀sún lórí ilẹ̀ tó di itan mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, kò dúró sí ibi tó yẹ mọ́.

Baálẹ̀ wo gbogbo èrò yíká. "Iná dà?" ni ó béèrè.

Èrò ń yọjú wo inú kòtò.

Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Ọlátúnbọ̀sún lọ sí ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá kí Ìdíátù. Àwọn tó ti ń pòṣé ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń wí pé àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé Táyéwò kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Jàfárù wá dọ̀bálẹ̀ fún Sìdíkátù, ó ní òun jẹ ẹ́ ní ẹ̀mí. Sìdíkátù ní kó dìde. Gbogbo ọpẹ́ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ kan ló ṣe fi gbogbo ọdún yẹn kàwé. Inú ń bí i sí ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó sáré, nítorí pé eré náà ló ta Ọlátúnbọ̀sún jí.

Nígbà tí ọkùnrin náà lè dìde, Baálẹ̀ mú un wá sí ilé Ìdíátù kó wá mú àdéhùn ṣẹ. Ó fi igi méjì sábẹ́ abíyá, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Àwọn ará àdúgbò dúró sí ìta. Kò sí ẹni tó fi àga lọ̀ ọ́.

"N kò rí sìgá kankan," ni ó wí. "N kò rí nǹkan kan. Gáàsì bú, ènìyàn kú, gbogbo ayé ń bi mí pé kí ló fà á, n kò sì mọ̀. Mo ní láti sọ nǹkan. Mo sọ sìgá. Èmi ni mo pa Táyéwò, Ìyá ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Ohun kan ṣoṣo ni Ìdíátù béèrè. "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí lọmọ mi sọ gbẹ̀yìn?"

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Ó ní sílíńdà náà ń gbóná lọ́nà tí kò yé òun. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e sí abẹ́ igi. Mo ní ọ̀lẹ ni, kó dúró sí ibi tí mo fi í sí."

Ìdíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Lára ògiri tí Sìdíkátù fara tì, ó rí i tí ọkùnrin náà ń wo òun, tó ń retí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí òun kọ́ ní yunifásítì fún ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ Táyéwò ti sọ ọ́ fún un lójú oòrùn yẹn, láìní ìwé kankan. Ó sì ti sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ká ní Sìdíkátù mọ èyí kí ó tó sáré wọ kòtò, ẹ̀wù Jàfárù nìkan kọ́ ni ì bá dì mú. Ì bá di àga náà mú mọ́lẹ̀, kí ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ má lè dìde.

Kò sọ ọ́. Ó lọ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Ẹ má padà wá síbí mọ́."

"Ìdáríjì ńkọ́?" ni Baálẹ̀ béèrè jẹ́jẹ́.

"Ìyá mi lẹ bẹ̀, Bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á dárí ji ọkùnrin yìí lọ́jọ́ kan. Èmi, kò sí lọ́wọ́ mi."

Ọlátúnbọ̀sún yí padà. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ga, ó sì ń ṣe bí ẹni tó máa ṣubú bó ṣe ń wá ibi tí yóò fi igi rẹ̀ lé. Sìdíkátù dúró nítòsí rẹ̀ tó láti na ọwọ́ sí i. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó ń wò ó títí ó fi sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.